Màrìwò ní Ìdagẹ̀rẹ́ Olórí-kunkun

Ẹni tó bá ń kánjú kì í wọ ọkọ̀ Ezekiel. Ní ọdún kejì tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kò sí obìnrin kan tó ń kó epo tàbí iṣu láti Èmùré àti Ìsẹ̀ lọ sí ọjà Ìkẹ́rẹ́ tí kò mọ èyí. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n sọ ọ́, wọn kò sì fi ṣe oríkì fún un. Wọ́n ní bí Jẹ́jẹ́ bá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù ní Ìsẹ̀, yóò ti pọ́n kó tó dé Ìkẹ́rẹ́. Dúpẹ́ ìyàwó rẹ̀ gan-an a máa sọ pé ẹsẹ̀ ọkọ òun yá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ju bí ọkọ̀ rẹ̀ ti í yá lọ sí ibikíbi, ìyẹn ni òun sì fi ń tu ara òun nínú.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Ezekiel, Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó di tíṣà, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì kó tó gbọ́ agogo ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ dérébà àgbà kan, ó fọ táyà, ó gbé omi, ó sùn lábẹ́ lọ́rì, títí ọ̀gá náà fi gbà á láyè láti fọwọ́ kan ìdarí ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni ọ̀gá yìí ń tún sọ bí ẹni ń ka kátíkísìmù: ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dá ọkọ̀ dúró, ojú ni.

Nígbà tó lọ gba láísẹ́ńsì, ọlọ́pàá tó dán an wò bi í pé kí ni yóò ṣe bó bá bá ọkọ̀ aláìsàn tó dúró lójú ọ̀nà. Ezekiel ní òun yóò rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọlọ́pàá náà ní kó rọra gba ẹnu ọ̀nà jáde, kó lọ kọ́ òfin. Nígbà tó padà wá, ó ní òun yóò dẹ eré, òun yóò dúró lókèèrè, òun kò sì ní kọjá àfi bí àwọn tó wà nídìí aláìsàn bá ní kí òun máa bọ̀. Wọ́n fún un ní ìwé. Ọ̀pọ̀ dérébà ni wọ́n bi ní irú ìbéèrè yìí, wọ́n dáhùn rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì fi ìdáhùn náà sílẹ̀ lórí tábìlì ọlọ́pàá.

Ọlátúndé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó kàn gbàgbọ́ pé Ọlọ́run la ọ̀nà nítorí òun ni. Bó bá dé ìdagẹ̀rẹ́, yóò yọ ọkọ̀ kúrò nínú gíá, yóò fi sí fírì kó má baà jó epo, lọ́rì ńlá náà yóò sì máa yọ̀ lọ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ bí ọmọdé tó jókòó sórí imọ̀ ọ̀pẹ. Ó tún ní ọgbọ́n àyínìke kan. Ó ti juwọ́ sí dérébà kan rí pé afárá ti wó níwájú. Ẹni ẹlẹ́ni yí padà, Ọlátúndé sì lọ kó gbogbo èrò tó ń dúró de onítọ̀hún. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ kò gbà gbọ́ mọ́ bí ẹnikẹ́ni bá juwọ́ sí i lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni òpùrọ́ ṣe rí: kò mọ̀ pé ẹlòmíràn lè sọ òótọ́.

Ọjọ́ ọjà Ìkẹ́rẹ́ kan báyìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí Ezekiel ń fi gáréèjì Ìsẹ̀ sílẹ̀, Ọlátúndé ṣì ń di ẹrù, ó sì nahùn pè é pé, “Jẹ́jẹ́, máa lọ o. Bí mo bá bá ọ lọ́nà, màá bá ọ kí àwọn ará Ìkẹ́rẹ́.” Àwọn obìnrin inú ọkọ̀ méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ezekiel náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ.

Láàrin Ìsẹ̀ àti Ìkẹ́rẹ́, ìdagẹ̀rẹ́ kan wà tí àwọn dérébà sọ ní Olórí-kunkun, nítorí ọkùnrin kan tí wọ́n kìlọ̀ fún níbẹ̀ tí kò gbọ́. Ó ga, ilẹ̀ pupa rẹ̀ a máa yọ̀ bí ilá lẹ́yìn òjò, omi sì ti gbẹ́ ọ̀gbun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ojú ọ̀nà lọ tààrà láti orí òkè títí dé ìsàlẹ̀, ó wá ṣẹ́ kọ́nà lójijì lẹ́yìn igbó ọparun. Ẹni tó wà lókè kò lè rí ohun tó wà lẹ́yìn ọparun náà.

Ezekiel fi gíá kékeré sọ̀ kalẹ̀. Bó ti ń yí kọ́nà, ó rí ohun funfun. Ọkọ̀ aláìsàn ni, àgbélébùú pupa wà lára rẹ̀, ó dúró sí àárín ọ̀nà gangan, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nọ́ọ̀sì kan dúró nílẹ̀, ó tẹ̀ wọ inú ọkọ̀ láti ìbàdí sókè, ó kọ ẹ̀yìn sí lọ́rì tó ń bọ̀.

Ezekiel tẹ bírékì. Lọ́rì náà gbọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò gbọ́. Ó ń yọ̀ lọ. Ebenezer, ọmọ ọkọ̀ rẹ̀, ẹni tí orí rẹ̀ ti hewú tí wọn kò sì yé pè ní ọmọ, bẹ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn pẹ̀lú igi ìháyà lọ́wọ́, ó sì tì í sábẹ́ táyà. Igi náà dún gbà. Lọ́rì dúró. Àyè tó kù láàrin imú lọ́rì àti ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì náà, ewúrẹ́ méjì kò lè jọ gbà á kọjá.

Nọ́ọ̀sì kò wẹ̀yìn. Ohun tó ṣe ni pé ó na ọwọ́ kan sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ dé ọrùn-ọwọ́, ó sì fi ṣe àmì pé kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Ezekiel pa á. Ìgbà náà ló gbọ́ ìkérora obìnrin láti inú ọkọ̀.

Solomon, dérébà ọkọ̀ aláìsàn, ló yọ orí jáde láti inú níbẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó wà nílé òkú. Ó ní Abọ́sẹ̀dé ni obìnrin náà, láti abà kan lẹ́yìn Ìsẹ̀, àwọn ń gbé e lọ sí ọsibítù ni ọmọ sọ pé òun kò dúró mọ́. Ẹsẹ̀ ló kọ́ yọ. Nọ́ọ̀sì Rachael ní bí ọkọ̀ bá gbọ̀n jìgìjìgì lẹ́ẹ̀kan sí i, òun kò mọ èyí tí àwọn yóò gbé délé, ìyá tàbí ọmọ. Kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà títí orí ọmọ yóò fi jáde, kí òun Solomon sì di èjìká obìnrin náà mú.

Lẹ́yìn náà ó bi Ezekiel léèrè pé, “Ṣé o ò rí ewé tí mo tò sójú ọ̀nà lókè ni?”

“Ewé wo?”

Gbogbo ẹni tó ń wakọ̀ ló mọ àmì yìí. Bí ọkọ̀ bá dúró síbi tí kò yẹ, wọn a já ewé tútù, wọn a kó o sójú ọ̀nà lókèèrè, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ewu ń bẹ níwájú. Solomon ti ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Ṣùgbọ́n Ezekiel kò rí ewé kankan, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ ibi tí ewé wọlẹ̀ sí. Obìnrin àgbà kan ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti òkè, ó ru ẹrù ewé ìyeyè tútù, ó mú àdá dání, ó sì ń kí wọn láti òkèèrè. Yèyé Àbẹ̀kẹ́ ni, oko rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀.

Ezekiel béèrè pé níbo ni Yèyé ti rí ewé yìí.

“Ojú ọ̀nà ni mo ti rí i, ọma mi. Wọ́n kàn dà á nù bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ mi bí mẹ́ta l'ulé, kò sì sí ohun tó fẹ́ tó ewé ìyeyè. Mo ní Olúwa ti pèsè.”

Solomon pa ojú dé. Nínú gbogbo igi tó wà nínú igbó Èkìtì, èyí tí ewúrẹ́ fẹ́ràn jù lọ ló lọ já. Ọkùnrin náà kò sin ewúrẹ́ rí.

Yèyé wo iwájú, ó rí nọ́ọ̀sì, ó rí ẹsẹ̀ obìnrin tó ká sókè, ó sì gbọ́ ohùn tó ń jáde. Kò sí ẹni tó ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún un. Ó sọ ẹrù ewé náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó sọ ohun tó jí kalẹ̀.

Nínú lọ́rì, àwọn èrò ti ń yọ orí. Adéjọkẹ́ elépo, ẹni tí ó máa ń kọ́kọ́ dé ọjà tí ó sì máa ń kẹ́yìn kúrò níbẹ̀, sọ̀ kalẹ̀, ó fi ojú wọn ọ̀nà. Ó ní àyè ń bẹ lápá ọ̀tún, bí dérébà bá fi táyà kan lé etí ọ̀gbun, wọn yóò rá kọjá. Àwọn kò ṣá ní fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Àwọn méjì mìíràn gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ọjà kì í dúró de ẹni, wọ́n ní kí Jẹ́jẹ́ ṣe bí ọkùnrin lónìí nìkan.

“Ẹ gbọ́, Màmá,” ni Ezekiel wí. “Etí ọ̀gbun yẹn lè ya. Bó bá ya, orí wọn ni a ó dà lé. Ibi tí ọkọ̀ aláìsàn bá dúró sí, ibẹ̀ ni ọ̀nà parí sí. Ìgbà tí wọ́n bá ní ká máa bọ̀ la ó máa lọ.”

Adéjọkẹ́ ṣe bí ẹni fẹ́ fèsì. Abọ́sẹ̀dé kígbe lẹ́ẹ̀kan nínú ọkọ̀ náà, elépo sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Òun náà ti bímọ rí.

Orí ìdúró yìí ni wọ́n wà nígbà tí ọ̀rọ̀ gáréèjì Ìsẹ̀ sọ sí Ezekiel lọ́kàn. Ọlátúndé ń bọ̀ lẹ́yìn. Yóò dé orí òkè, yóò fi lọ́rì sí fírì lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀ yìí, yóò sì fi gbogbo ẹrù iṣu rẹ̀ yí kọ́nà. Lọ́rì Ezekiel ni yóò kọ́kọ́ gbá. Lọ́rì Ezekiel ni yóò sì gbá nọ́ọ̀sì, àti obìnrin náà, àti ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé ayé tí orí rẹ̀ kò tíì dé.

Ó sọ fún gbogbo èrò kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n kúrò lójú ọ̀nà, kí wọ́n gun ẹ̀gbẹ́ òkè lẹ́yìn ọparun. Ó sọ fún Ebenezer kó má fi igi ìháyà sílẹ̀ bí ó ti wù kó rí. Solomon ń di èjìká obìnrin mú. Kò ku ẹlòmíràn. Ezekiel sáré gba òkè lọ.

Yèyé Àbẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e. Ó kó ìwọ̀n ewé ìyeyè tí apá rẹ̀ lè gbé, ó ní òun yóò tún un tò síbi tí òun ti kó o. Ezekiel kò dúró, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó ní Ọlátúndé kì í dúró fún ewé, ó ní ewé wà fún àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Yèyé ní kó juwọ́ sí i nígbà náà. Ezekiel ní bí òun bá juwọ́ sí i, ẹ̀tàn ni yóò pè é, yóò tún fi eré kún eré.

Ní agbedeméjì òkè, Ezekiel dúró. Kò lè sáré dé orí. Ó sì ti ń gbọ́ ọ: lọ́rì ń gun òkè lódìkejì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké bí ẹran tí wọ́n fẹ́ pa.

Ọ̀pẹ kékeré kan wà lẹ́bàá ọ̀nà, kò ga ju orí ènìyàn lọ. Àárín rẹ̀ ti yọ màrìwò tuntun, ó funfun, ó sì ń tàn. Ezekiel wò ó, ó wo àdá ọwọ́ Yèyé, ó sì na ọwọ́.

Nílẹ̀ Èkìtì, bí wọ́n bá ta màrìwò dí ọ̀nà, ọ̀nà ti dí nìyẹn. Ìbáà ṣe ìmàle, ìbáà ṣe onígbàgbọ́, ìbáà ṣe ẹni tí kò gba nǹkan kan gbọ́, kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ta á. Yóò dúró ná. Ìbéèrè a tẹ̀ lé ìdúró. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, arúgbó kì í sì í kó o relé.

Yèyé mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó di àdá náà mú.

“Ọma mi, ṣé kì í ṣe ìwọ lo ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì?”

“Èmi ni, Yèyé. Ẹ fún mi.”

Ó fún un. Ṣùgbọ́n ó sọ gbangba pé òun kò ní fọwọ́ kan màrìwò o, kí ẹnikẹ́ni má dá orúkọ òun. Ezekiel gé màrìwò, ó ya á, ó fa ìtàkùn gígùn kan láti inú igbó, ó sì ń so màrìwò mọ́ ọn. Bó ti ń so ó ló ń ka Sáàmù tí ẹnu rẹ̀ bá bá, èyí tí ó bá wá sórí ahọ́n. Ó so orí ìtàkùn kan mọ́ ọ̀pẹ. Ó fà á kọjá sí òdìkejì ọ̀nà. Kò sí igi níbẹ̀. Koríko lásán ni.

Lókè, igbe ẹ́ńjìnnì náà dé góńgó. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Ezekiel ti ń bẹ̀rù. Ọlátúndé ti fi í sí fírì.

Bí òun bá dúró di ìtàkùn mú lódìkejì yìí, Ọlátúndé yóò rí Jẹ́jẹ́ tó dúró ti okùn, yóò ní eré ni. Kò gbọ́dọ̀ rí òun. Ó fẹ́ sọ èyí fún Yèyé, ṣùgbọ́n obìnrin àgbà náà ti sọ ewé ìyeyè rẹ̀ nù. Ó gba orí ìtàkùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó wé e mọ́ ọrùn-ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì fẹ̀yìn ti bèbè ọ̀nà.

“Ìtàkùn ni mo dì mú,” ló wí. “N kò di màrìwò. Lọ fara pa mọ́.”

Ezekiel wọ inú koríko. Lọ́rì yọ lórí òkè, ó wúwo, kò dún, àfi táyà tó ń ha ilẹ̀ tútù. Ó ń sọ̀ bọ̀. Màrìwò ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́ ọwọ́ arúgbó kan tí ó dijú tí kò sì kúrò níbẹ̀. Lọ́kàn Ezekiel, òun ti pa arúgbó náà nìyẹn.

Bírékì ké. Lọ́rì náà yí ìdí, ó fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀, iṣu ń já bọ́ láti òkè rẹ̀, ó ń yí gbirigbiri ṣáájú rẹ̀, àwọn obìnrin inú rẹ̀ ń pe Jésù. Iṣu kan yí kọjá lábẹ́ màrìwò. Lọ́rì kò kọjá. Ó dúró, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìtàkùn.

Ọlátúndé sọ̀ kalẹ̀, ó ti ṣí fìlà lórí. Nígbà tó rí Ezekiel tó jáde láti inú koríko, ó dé fìlà náà padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Ó bú u délé bàbá rẹ̀. Ezekiel jẹ́ kó tán. Lẹ́yìn náà ó sọ fún un, láìgbé ohùn sókè, pé ọkọ̀ aláìsàn dúró lẹ́yìn ọparun, obìnrin kan ń bímọ nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ ló kọ́ yọ, nọ́ọ̀sì sì dúró nílẹ̀ ní àárín ọ̀nà.

Ọlátúndé wo ìsàlẹ̀. Ó wo ipa táyà rẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa, bí ó ti gùn tó. Ó jókòó sórí iṣu kan.

“Jẹ́jẹ́,” ló wí, “ká ní o juwọ́ sí mi ni, ǹ bá ti kọjá.”

“Mo mọ̀,” ni Ezekiel dá a lóhùn.

Wọ́n dúró. Èrò ọkọ̀ kejì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń ṣa iṣu, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ré màrìwò kọjá láti mú èyí tó yí lọ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà dé etí àwọn alàgbà ìjọ lẹ́yìn náà, wọ́n sì pe Ezekiel, wọ́n bi í bóyá ó yẹ kí akọrin Olúwa máa ta màrìwò. Ó ní imọ̀ ọ̀pẹ ni òun gé, irú èyí tí àwọn alàgbà fúnra wọn ń gbé lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọọdún ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Wọ́n ní kó máa lọ ilé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, lórí òkè, kò ní àwàdà kankan lẹ́nu. Ó ń tẹ́tí sí ìsàlẹ̀. Ìkérora Abọ́sẹ̀dé ti dáwọ́ dúró, kò sì sí ohun mìíràn tó rọ́pò rẹ̀. Ọlátúndé náà ń tẹ́tí. Ẹnì kan láàrin àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ orin, wọ́n ní kó dákẹ́.

Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé Ezekiel kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá láti ìsàlẹ̀ mọ́, nítorí ohun tí onítọ̀hún lè wá sọ.

Adéjọkẹ́ elépo ló wá. Ó ń gun òkè bọ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó ń sunkún, kò sì sí ẹni tó lè mọ irú ẹkún tó jẹ́ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní nọ́ọ̀sì Rachael ní kí òun sọ fún dérébà pé àwọn ń lọ sí ọsibítù báyìí, ẹ̀jẹ̀ ìyá kò tíì dá tán, kí lọ́rì kankan má sáré tẹ̀ lé wọn, kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ àwọn ré afárá odò tó wà níwájú kọjá kí wọ́n tó ṣí ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wọn gbọ́ èyí. Lẹ́yìn náà ó tún sọ gbólóhùn kan sí Ezekiel létí, Ezekiel sì fi ọwọ́ bo ojú.

Ọlátúndé dìde. Ó ní òun yóò dúró, bí wọ́n tilẹ̀ ní kí òun sùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìró ọkọ̀ aláìsàn ti ré afárá kọjá tí kò dún mọ́, kò sí ẹni tó fẹ́ tú màrìwò. Ọlátúndé ní kí ẹni tó so ó tú u, òun kò ní fọwọ́ òun kàn án. Ni gbogbo wọn bá wo òdìkejì ọ̀nà.

Yèyé Àbẹ̀kẹ́ ṣì dúró síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ti sọ fún un pé kó jọ̀wọ́ ìtàkùn. Ojú rẹ̀ ṣì pa dé, ìtàkùn ti há sínú awọ ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ débi pé ó ti di funfun. Ezekiel lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

“Yèyé, ó ti tó. Ẹ lè jọ̀wọ́ rẹ̀.”

Obìnrin náà kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

“Ọma náà ńkọ́?” ló wí.

“Ó ké, Yèyé.”

Ìgbà náà ló ṣí ọwọ́.